Ẹ Jẹ́ Ká Tún Ohun Tá À Ń Sè Yàn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba owó oṣù àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé òòjọ́ lẹ fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo bá wá. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí náírà sì tún já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ọjà le. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lóṣù Keje ọdún 2024, àpò ìrẹsì kan ṣoṣo ti tó gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe ìjọba ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ohun tí mò ń rí nínú ilé wa ló ń dùn mí. Bí owó bá ti dín, ẹja la kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Ẹyin ló tẹ̀ lé e. A ó yọ ẹ̀wà torí pé ó ń jẹ gáàsì, a ó yọ ẹ̀fọ́ torí pé ṣíṣà àti rírẹ́ rẹ̀ ń gba àsìkò. Ohun tó máa ń kù nínú abọ́ ni ìrẹsì, gàrí, Indomie àti omi ọbẹ̀ tó pupa lásán. Ọmọ á jẹun yó, kò ní sunkún, àmọ́ ara rẹ̀ kò ní gba ohun tó fi ń dàgbà. Ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn kúrò nínú ìkòkò la máa ń kọ́kọ́ lé jáde. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe dín oúnjẹ ọmọ kù, ohun tá à ń sè ni ká tún yàn.

Ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi ṣáájú. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bíi 23 gíráàmù ló jẹ́ purotéènì, èròjà tó ń mú ara ọmọ dàgbà. Ti ìrẹsì kò ju bíi 7 lọ, ti gàrí kò sì tó 2. Lóòótọ́, ẹ̀wà náà gbówó lórí gan-an lọ́dún 2024. Síbẹ̀, bó bá jinná tán, ó ti ju ìlọ́po méjì bó ṣe wà ní gbígbẹ lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣe nínú ara ọmọ ohun tí abọ́ gàrí ńlá kò lè ṣe.

Gáàsì ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un, ọ̀nà àbáyọ sì wà. Ẹ ṣà á lálẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi tútù lé e kó bò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó rẹ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, torí ó ti fà lára ohun tó máa ń mú inú wú jáde. Ẹ fi omi mìíràn gbé e kaná, kó hó kíkankíkan fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ dé e pa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láìṣí i, ẹ fi ìbora àtijọ́ wé ìkòkò náà yíká tòun ti ìdérí, ẹ gbé e sínú páálí tàbí agbọ̀n kí atẹ́gùn má bàa kàn án. Ooru tó wà nínú rẹ̀ ni á máa sè é lọ nígbà tí sítóòfù ti wà ní pípa. Lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ gbé e padà síná, ẹ fi iyọ̀ àti èròjà sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán. Ẹ má jẹ́ kó tutù sínú ìbora o, torí oúnjẹ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀ máa ń bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ kàún. Kàún ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíákíá, àmọ́ ó ń ba lára fítámì inú rẹ̀ jẹ́, kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ̀wà tó bá ti rẹ mọ́jú kò nílò rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀wà náà tó ìdílé ẹni mẹ́fà jẹ, àdàlú ni kẹ́ ẹ sè. Agolo mílíìkì mẹ́ta ẹ̀wà àti agolo kan àgbàdo gbígbẹ ti tó. Ẹ rẹ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbàdo ni kó kọ́kọ́ dé orí iná torí òun ló yigi jù, bó bá ti ń rọ̀ ni kẹ́ ẹ da ẹ̀wà sí i. Lásìkò òjò tí àgbàdo tútù bá wà lóde, ẹ yín in lára ṣùkù rẹ̀, ẹ dà á sí i nígbà tí ẹ̀wà bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹ gún ata rodo mẹ́ta, tàtàsé kan àti àlùbọ́sà kan, ẹ kó wọn sínú ìkòkò pẹ̀lú irú, edé díẹ̀ àti epo pupa bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ dé e, ẹ má rò ó títí epo á fi máa yọ lójú rẹ̀. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó nínú purotéènì ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Èyí tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Àwọn ìyá wa ti ń pò wọ́n pọ̀ kí onímọ̀ kankan tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn.

Gbẹ̀gìrì tiẹ̀ tún ń ṣọ́ owó ná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo ẹ̀wà kan àtààbọ̀ péré ló ń di ìkòkò ọbẹ̀ tí gbogbo ilé á fi jẹ àmàlà. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bọ́, ẹ da omi sí i kí èèpo léfòó, ẹ da èèpo náà nù. Ẹ sè é títí tí hóró kan kò ní dá dúró mọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìjábẹ̀ lù ú nínú ìkòkò títí tó fi máa dán. Ẹ fi ata gígún, irú, iyọ̀ àti epo pupa sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Bí ewédú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran kò pọn dandan lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tijú. Wọ́n á ní kí lálejò máa sọ bó bá bá àdàlú lórí tábìlì. Àmọ́ ẹ wo àkàrà, ẹ̀wà náà ni. Èyí tí àwọn èèyàn wa gbé sọdá òkun nígbà òwò ẹrú, obìnrin ṣì ń dín in tà lójú pópó ní Bahia nílẹ̀ Brazil títí dòní, lọ́dún 2005 ni ìjọba orílẹ̀-èdè náà sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ̀wà tí wọ́n ń fi yangàn lọ́hùn-ún, kò yẹ kí àwa tá a ni ín máa fi pa mọ́ fún àlejò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọjà, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò jù. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń ra nǹkan lọ́wọ́n jù: epo inú ọ̀rá, iyọ̀ inú ọ̀rá, ẹ̀wà agolo kan lójoojúmọ́. Bẹ́ ẹ bá fi owó epo inú ọ̀rá ọ̀sẹ̀ méjì wé owó ìgò epo kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Owó oúnjẹ tẹ́ ẹ ń já sílẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó di ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyàwó yín lè ra kóńgò dípò agolo. Kò ju iye tẹ́ ẹ ń ná tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì bá wọn bó ẹ̀wà, kò burú.

Àsìkò náà tún wà. Tòmátì máa ń pọ̀ láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ òkè Ọya bá ń kórè èyí tí wọ́n bomi rin lẹ́ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti dé, ó di ọ̀wọ́n. Lọ́dún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta run ún lóko débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, ó sì tún yọjú lọ́dún 2024. Nígbà tí tòmátì bá pọ̀, ẹ ra á, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sínú oòrùn ọyẹ́ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì títí á fi gbẹ táútáú, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ. Nígbà tó bá wọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó. Ata, àlùbọ́sà àti epo pupa ti ń se ọbẹ̀ nílẹ̀ wa kí tòmátì tó dé.

Irú ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èròjà wa. Purotéènì àti ọ̀rá wà nínú rẹ̀, bó bá sì wà nínú ọbẹ̀, ìwọ̀nba Maggi la ó fi sí i. Kó má bàa bàjẹ́, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ sá a sóòrùn. Ní ti pọ̀nmọ́, mo mọ̀ pé ó ń dùn lẹ́nu, àmọ́ bí owó kò bá tó méjì, ẹja ṣàwá ni kẹ́ ẹ fi í rà. Ẹ yan án tàbí kẹ́ ẹ dín in kó gbẹ, kí ọmọ tó ti gbọ́n lè rún tòun teegun.

Níbi tí mo ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣọ́ owó ná, ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ ọ. Ẹ̀ṣà tòmátì tó ti bu, ẹ má rà á. Gígé ibi tó bu kúrò kò mú un sàn, torí oró rẹ̀ ti wọ ibi tójú kò rí. Ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tó bá bu náà, ẹ dà á nù. Oró kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kò sì lè pa á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta ẹ̀wà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ọtapíapíà sí i nítorí kòkòrò. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ẹnu, ẹ dé e pinpin kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, bẹ́ ẹ kò bá ti ṣí i fún oṣù kan sí méjì.

Ẹ̀fọ́ kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ilé. Àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo, ike ọ̀dà tó ti ya, gbogbo rẹ̀ ló ń gba iyẹ̀pẹ̀. Ẹ lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbìn á tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Gbúre àti ewúro kò béèrè irúgbìn, igi rẹ̀ tẹ́ ẹ bá já ewé lára rẹ̀ tán ni kẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ títí kẹ́ ẹ tún fún omi rẹ̀ nù, torí èrè ẹ̀fọ́ ló ń bá omi yẹn lọ. Ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà nìkan ló yàtọ̀: ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa kó hó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù láé. Ẹ̀yin onílé, bí ayálégbé yín bá gbé àpò ewédú mẹ́ta sẹ́bàá ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e.

Mo fẹ́ kí gbogbo èyí bọ́ sí àjọṣe. Ẹ̀wà tuntun máa ń wọ ìlú láti òkè Ọya láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní, ìgbà náà ló máa ń rọjú. Àpò rẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi 100 kìlógíráàmù, èyí tó ju agbára ẹni kan lọ, àmọ́ kò ju agbára ojúlé mẹ́wàá. Àwa tá a mọ àjọ dá, ká dá àjọ ẹ̀wà láti oṣù Kẹjọ, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá tó àsìkò, ẹ rán ẹni méjì tó mọ ọjà lọ sí Bódìjà, Mile 12 tàbí ọjà ńlá tó bá sún mọ́ yín. Nígbà tí wọ́n bá dé, kóńgò kan náà ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lójú gbogbo yín, kí wọ́n pín owó ọkọ̀ dọ́gba lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti kóńgò méjì lọ sì kọ́kọ́ gba tiẹ̀.