Gbèsè tí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Jẹ Ará Ìlàjẹ

Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí NBA, kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Àwọn tí wọ́n gba àṣẹ láti máa gbẹjọ́rò ni wọ́n kóra jọ, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ìwà ara wọn, kí wọ́n sì lè dìde nígbà tí aláṣẹ bá fẹ́ tẹ òfin lójú. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ kan ló ń darí rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìlú kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀ka Okìtìpupa ló sì sún mọ́ etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi dídara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wù, síbẹ̀ òfin tó ń ṣàkóso iṣẹ́ agbẹjọ́rò sọ pé ẹni tí kò bá san owó àṣẹ ọdọọdún kò lè dúró sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ó sì pàṣẹ pé kí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó náà lọ sí àpò ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí òfin ń bá gba owó báyìí kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló kan òun.

Ìtàn Ìlàjẹ fi hàn ohun tí àìsí agbẹjọ́rò nítòsí lè fà. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí Parabe, ibùdó tí Chevron, ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà, ní lórí òkun, nítorí àìríṣẹ́ṣe àti omi àti ilẹ̀ wọn tí wọ́n ní iṣẹ́ epo ti bà jẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn sójà tí hẹlikópítà ilé iṣẹ́ náà gbé dé yìnbọn. Ènìyàn méjì kú, Larry Bowoto sì fara gbọta. Ìlú San Francisco ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ ní 1999, lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1789 tó gba àjèjì láyè láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àjọ agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́ ibẹ̀ ló sì bá wọn jà fún ọdún mẹ́sàn-án kí àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ tó dá Chevron láre ní oṣù Kejìlá 2008. Ìdájọ́ ti wáyé, ìwé ìròyìn yìí kò sì ní tún un dá. Ohun tó yẹ kó ta wá lára ni pé òkè òkun ni wọ́n ti rí ẹni bá wọn rojọ́.

Lónìí, òfin epo ti 2021 ní kí ilé iṣẹ́ epo máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná lórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè ìlú tó gbà á lálejò. Òfin kan náà sọ pé bí ìjà ìlú bá ba ohun èlò ilé iṣẹ́ náà jẹ́, inú àpò yìí ni a ó ti yọ owó àtúnṣe. Ta ni yóò túmọ̀ èyí fún apẹja Ìlàjẹ ní Awoye, tàbí fún ará Ayétòrò tí òkun ti gba ilé rẹ̀? Òótọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ òfin kì í kọ́ni ní ọkọ̀ ojú omi wíwà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ.

Kí ẹ̀ka Okìtìpupa yan ọjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò máa jókòó sí Igbókòdá láìgba kọ́bọ̀, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ náà fi owó tì í lẹ́yìn, kí ará ìlú tó bá sì ní ìwé àdéhùn tí kò yé e mú un tọ̀ wọ́n lọ kó tó fọwọ́ sí i.