Òǹtẹ̀ Èké Lára Fàdákà Hanau

Àwọn kan wà nínú àwọn tí ń kó ohun èlò fàdákà àtijọ́ jọ tí wọ́n máa ń gbèjà àwọn alágbẹ̀dẹ Hanau, ìlú kan nítòsí Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ní òǹtẹ̀ àfarawé tí a ń tẹ̀ sára ife àti àwo níbẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kì í ṣe ẹ̀tàn. Pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, bí ẹni fín ewé sára igbá. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà.

Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn òǹtẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òǹtẹ̀. Ní Augsburg àtijọ́, alágbẹ̀dẹ kò lè dá èso igi páìnì, tí í ṣe àmì ìlú náà, tẹ̀ sára iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a yàn láti dán an wò, kí a mọ̀ bóyá bàbà tí ó lú mọ́ fàdákà náà ti pọ̀ jù. Ẹ̀rí odindi ìlú ni èso páìnì náà ń jẹ́. Nígbà tí àwọn ará Hanau wá ń tẹ ohun tí ó jọ òǹtẹ̀ Augsburg, tàbí ti Nuremberg, tàbí ti ilẹ̀ Faransé, ẹlẹ́rìí wo ni ó fojú kàn án?

Wọ́n á tún ní fàdákà gidi ṣáà ni. Lóòótọ́ ni. Òfin tí Jámánì ṣe ní 1884, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1888, fi àbọ̀ òṣùpá àti adé ṣe àmì fún fàdákà tí kò bá dín ní ìdá 800 nínú 1000. Bí fàdákà nìkan ni wọ́n fẹ́ jẹ́rìí sí, àmì yìí ti tó. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ sí Augsburg? Ọjọ́ orí ni wọ́n fẹ́ fi kún ọjà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Láti 1842 ni òfin wọn ti pàṣẹ pé kí a dán fàdákà òkèèrè wò kí a tó tà á. Láti 1867 títí di 1904, wọ́n ń tẹ lẹ́tà F sí i, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé àlejò ni. Nítorí náà ni ọjà Hanau tí Berthold Müller kó wọ ibẹ̀ fi ń ru òǹtẹ̀ Chester, pẹ̀lú lẹ́tà tí ń tọ́ka sí ọdún tí a dán an wò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Níhìn-ín, kò tilẹ̀ sí eré sísá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Olùrà a dojú ife dé, a rí méjèèjì, síbẹ̀ irọ́ ni yóò sanwó fún.

Ohun tí ó dunni jù ni pé ọwọ́ àwọn ará Hanau dá. Láti 1772 ni wọ́n ti ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ wúrà àti fàdákà ní àwòrán yíyà. Ilé iṣẹ́ Neresheimer, tí a dá sílẹ̀ ní 1890, ṣe ọkọ̀ ojú omi tòun ti ìgbòkun, ó sì ṣe jagunjagun tí ó fi eyín erin ṣe ojú rẹ̀. Ta ni ó ní kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ máa yá orúkọ jẹ? Oníṣòwò tí ó bá sì pe iṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ Augsburg ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, ó rẹ́ olùrà jẹ, ó sì fi orúkọ ẹni tí ó ṣe é pamọ́. Kí àwọn tí ń tà á ní gbàǹjo kọ Hanau sí i, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀ gan-an sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n dá iye tí ó bá wù wọ́n lé e.