Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ọ̀gànwó Kan Gìtá Wa

Owó tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí ń dá jọ láti fi ra gìtá sí yàrá ìdánrawò ti ń pé bọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ohun tó kù báyìí ni irú gìtá tí a máa fi owó náà rà, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan ní kí a ra mẹ́rin láti òkè òkun, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ rosewood, torí pé òun ni gìtá gidi. Àwa kan ní kí a gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ọwọ́ kan gìtá nílẹ̀ wa, kí ó fi igi tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ṣe é. Nígbà tí mo dá ọ̀gànwó lábàá ní ìpàdé, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilẹ̀kùn la fẹ́ kàn ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àkókò ò tó láti dáhùn lọ́jọ́ náà, ni mo ṣe gbé èsì mi wá síbí.

Kí ló ń dún nínú gìtá ná? Okùn nìkan kò lè dún débì kan. Bí a bá fa okùn gìtá láàárín ìṣó méjì lára ògiri, tí a sì ta á, ẹni tó wà ní yàrá kejì kò ní gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé okùn á mi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níwájú, èyí tí mo máa pè ní ojú gìtá, ojú gìtá á sì mi afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ ìlù kò nílò àlàyé gígùn. Awọ ló ń fọhùn lára dùndún, igi ló gbé awọ dúró. Èyí ò sọ pé igi kò já mọ́ nǹkan o. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù fẹ́ràn ọ̀mọ̀ àti apá, àwọn kan lára wọn a sì máa sọ pé igi tó hù sétí ọ̀nà ló dára jù, torí pé ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti kékeré. (Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé n kò fẹ́ kí onísáyẹ́ǹsì kankan dá sí i.) Ṣùgbọ́n kò sí onílù tó máa ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí igi, kí ó wá fi awọ tó ti jẹrà bò ó. Ohun tí ẹni tó ń lé orúkọ rosewood kiri fẹ́ ká ṣe nìyẹn.

Antonio de Torres, ará Spéìn tí àwọn tó ń kan gìtá kíláásíkà ṣì ń wo àwòṣe rẹ̀ títí dòní, ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1862. Ó kan gìtá kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi spruce tó dára, ṣùgbọ́n páálí ló fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páálí! Ó fẹ́ fi han gbogbo ayé pé ojú ni ọ̀gá. Gìtá náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona.

Bí ẹnì kan bá ní ti Torres ti pẹ́ jù, èyí tó tuntun wà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Lancaster, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí Roger Bucknall tó ń kan gìtá Fylde bá wọn kan gìtá mẹ́fà tó bára mu ní gbogbo ọ̀nà, àfi igi ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan jẹ́ rosewood ti Brazil, ọ̀kan rosewood ti Íńdíà, àwọn yòókù jẹ́ mahogany, maple, walnut àti sapele. Wọ́n pe onígìtá 52, wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ yàrá kù, wọ́n fún wọn ní awò dúdú bíi ti àwọn wẹ́dà kí wọ́n má baà rí àwọ̀ igi, wọ́n wá ní kí wọ́n ta á kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Máàkì tí gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà fún dídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n tún dán àwọn kan wò bóyá wọ́n lè fi etí nìkan mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ó ṣòro fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ àwọn igi yẹn kà. Rosewood Brazil ni wọ́n ń fi góòlù wọ̀n, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1992 ni àdéhùn CITES ti fi òfin tó le jù de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Sapele ńkọ́? Orúkọ ìlú wa ni. Sàpẹ́lẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí iléeṣẹ́ African Timber and Plywood ti ń la igi tó ń gba ojú omi lọ sókè òkun, ló fún igi náà lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é. Lónìí, Taylor ní Amẹ́ríkà ń fi sapele ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ gìtá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá gbé ọ̀kan wọ ibí, a ó pé yí i ká, a ó ní “igi òyìnbó yìí dáa o.”

Afárá náà nìyẹn, tí àwọn káfíńtà wa ń rí lójoojúmọ́. Limba ni wọ́n ń pè é níbòmíràn, Gibson sì sọ ọ́ ní korina nígbà tí ó fi kan Flying V àti Explorer ní 1958. Àwọn tó ń kó gìtá àtijọ́ jọ ń ná owó ilé sórí àwọn gìtá 1958 yẹn. Gìtá oníná ni wọ́n, mo mọ̀, ọ̀rọ̀ wa kọ́ nìyẹn. N kò kàn lè ṣàìsọ ọ́ ni.

Báwo wá ni rosewood ṣe di ọba? Ó lẹ́wà, ó le, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ lórúkọ nídìí iṣẹ́ náà. Ojú ló ń tà á ju etí lọ. Ọ̀rọ̀ ebony tí wọ́n ń fi ṣe ìtẹ̀ka, ìyẹn pákó tí a ń tẹ ìka mọ́ ní ọrùn gìtá, túbọ̀ fi èyí hàn. Ní 2011, Taylor àti iléeṣẹ́ Madinter ti Spéìn jọ ra ilé ìlagi Crelicam ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni Bob Taylor fúnra rẹ̀ gbọ́ pé àwọn agégi ń fi ọ̀pọ̀ ebony sílẹ̀ sínú igbó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e lulẹ̀, torí pé inú rẹ̀ lámì, kò dúdú kirikiri bí oníbàárà ṣe fẹ́. Igi tó ti kú tán! Ó wá ní òun á máa lo èyí tó lámì náà. Kò sí ohun tó ṣe ohùn gìtá.

Ní báyìí, ohun tó yẹ kí owó wa lọ sí. Àkọ́kọ́ ni ojú. Spruce ni àwọn tó ń kan gìtá fẹ́ràn jù, torí pé ó fúyẹ́, síbẹ̀ ó le gan-an ní òòró, kò sì sí igi wa tí mo mọ̀ tó pé méjèèjì pọ̀ bíi tirẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ló ń hù sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Bí a bá fẹ́ spruce, a lè ra pákó ojú nìkan láti òkè òkun: pákó fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n máa lẹ̀ pọ̀ láàárín, tí kò wúwo, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lára owó odindi gìtá. Ọ̀nà kejì ni kí ojú náà jẹ́ ọ̀gànwó. Ẹ má ṣe lanu. Martin ti ń ta gìtá tí ojú rẹ̀ jẹ́ mahogany láti 1922. Ti Amẹ́ríkà ni mahogany tiwọn, ọ̀gànwó wa sì jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ohùn irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í mú ṣanṣan bíi ti spruce, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń gbóná díẹ̀ létí. Fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ta á, bí àwọn atukọ̀ Kru ṣe ta á káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó fi di orin ẹlẹ́mu, èmi ò rò pé ohùn mìíràn yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní yàrá ìdánrawò wa, orin yẹn la ń kọ́ jù.

Èkejì ni iṣẹ́ inú. Ojú gìtá kì í nípọn ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ, okùn onírin mẹ́fà sì ń fà á lọ́sàn-án lóru. Àwọn ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó wó. Bí ọ̀pá bá nípọn jù, gìtá á yadi. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ojú á wú bí ikùn aboyún kó tó pé ọdún méjì. Ibí ni ọgbọ́n ẹni tó ń kan gìtá wà, kò sì sí igi olówó iyebíye tó lè bá a bo àléébù ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí jù, òun la sì ń gbàgbé: gbígbẹ igi, àti ojú ọjọ́ wa. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ń kan gìtá sí kì í ju ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá ti gbé gìtá nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ojú ọjọ́ wa kì í dúró síbẹ̀. Nígbà òjò, igi á mu omi, á wú. Nígbà ọyẹ́, á súnkì, bí kò bá sì ráàyè súnkì, á là. Gìtá méjì ló ti là ní yàrá wa láàárín ọyẹ́ kan, òkè òkun ni méjèèjì sì ti wá. Torí náà, ẹni tó bá máa ra pákó ní ọjà pákó Bódìjà kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ igi nìkan. Kó wo ojú ibi tí wọ́n ti rẹ́ pákó náà lórí: bí ìlà inú igi bá dúró ṣánṣán sókè, pákó náà kò ní máa lọ́ tàbí súnkì bí èyí tí ìlà rẹ̀ sùn sílẹ̀. Kó wá tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó fi igi tín-ín-rín sáàárín pákó àti pákó, kó máa gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde nínú rẹ̀, kò tíì tó kàn.

Ibí ni mo ti fẹ́ dá ọ̀rẹ́ mi tó fi ilẹ̀kùn ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn! Ilẹ̀kùn ọ̀gànwó àtijọ́, pákó ibùsùn, àga gígùn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kó sẹ́yìn ilé: igi tó ti rí ọyẹ́ ogójì, tí kò ní omi kankan mọ́ tó fẹ́ jáde. Kò sí pákó tuntun tó lè bá a dọ́gba. Ìdí mìíràn tún wà. Láti ìpàdé CITES ti 2022 ni wọ́n ti fi ọ̀gànwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn igi tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè, torí a ti gé wọn jù. Òfin náà kò ní kí a má fi igi wa kan gìtá nílé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi kan nítorí gìtá mẹ́rin nígbà tí ilẹ̀kùn ń sùn sínú òjò.

Nípa ìyókù, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ọrùn jẹ́ èyí tí wọ́n fi bóòtù dè, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lè tú u láìfọ́ nǹkan. Kí irin wà nínú ọrùn náà tí a lè fi tọ́ ọ bó bá tẹ̀. Kí ìtẹ̀ka jẹ́ apá, èyí tó le tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Kí ibi tí okùn ń gbà kọjá jẹ́ egungun màlúù, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ìyẹn wọ́n níbí.

Àwọn tó fẹ́ ra ti òkè òkun ní àwíjàre kan tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní gìtá iléeṣẹ́ ńlá kì í ṣì í ohùn, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gìtá tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé kọ́ṣẹ́, etí rẹ̀ á bàjẹ́. Òótọ́ ni, mo sì ti gbọ́ gìtá àfọwọ́kàn tí ohùn rẹ̀ ń ṣákìí láti ìdajì ọrùn lọ sókè. Nítorí náà, kí a má san owó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kí a gba ẹyọ kan, kí a fi ẹ̀rọ ìtún-ohùn-ṣe wo ohùn okùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà kejìlá, kí a sì gbé e sí yàrá ìdánrawò gba ọyẹ́ kan kọjá. Bó bá là, tàbí ohùn rẹ̀ kò pé, owó mẹ́ta yòókù ṣì wà lọ́wọ́ wa, ẹ lọ ra rosewood yín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ń bọ̀ nílé fún ìpàdé ọdọọdún, ẹ bá wa ṣe ìdánwò kékeré kan nígbà náà. A ó ta aṣọ sójú pèpéle, ẹnì kan náà á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì: lórí rosewood tí ọ̀kan nínú yín máa yá wa, àti lórí ọ̀gànwó. Ẹ ó kọ èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ rosewood sínú bébà. Ẹni tó fi ilẹ̀kùn ṣe yẹ̀yẹ́ ni kó ka ìbò.