Ìlù Àṣàkẹ́ Rọlẹ̀, Ariwo Tiwa Ni Kò Rọlẹ̀

Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí Ahmed Ololade, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àṣàkẹ́, ti gbé àwo orin rẹ̀ kẹta jáde, ni ẹjọ́ kan ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Lungu Boy ni ó pe àwo náà. Lungu ni àwọn ọmọ ìta ń pe kọ̀rọ̀ àdúgbò àwọn tálákà. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ọmọkùnrin náà ti tutù jù. Wọ́n ní iná abẹ́ orin rẹ̀ ti kú, wọ́n ní òyìnbó ni ó ń kọrin fún, wọ́n ní ẹni tí ó ń mú wọn fò sókè láàárín agbo ti di ẹni tí a ń jókòó gbọ́. Àwa kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rí tí a fẹ́ jẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kì í lọ sí irú agbo bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ ń lọ tí ẹ kì í sọ. Àwo méjì àkọ́kọ́, Mr. Money with the Vibe ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 àti Work of Art ti oṣù Kẹfà ọdún 2023, orí ohun méjì ni wọ́n dúró lé. Èkíní ni ègbè ọlọ́pọ̀ ènìyàn, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn oníwéré àti àwọn onífújì. Èkejì ni ìlù tí àwọn ọ̀dọ́ South Africa ń pè ní log drum nínú orin amapiano wọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín: kò sí igi níbẹ̀, kò sì sí awọ. Kọ̀ǹpútà ni ó ń mú un dún. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń kì mọ́lẹ̀, àyà ni a fi ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Magicsticks, tí ó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú àwo méjèèjì, mọ̀ ọ́n lò dé gongo. Ó dùn. Àwa náà jó o.

Nínú Lungu Boy, ìlù yìí kì í ṣe olórí mọ́. Kí a má ṣe purọ́ mọ́ àwo náà: iná ṣì wà nínú Active, níbi tí ó ti mú orin àtijọ́ tí Jazzman Olofin àti Adéwálé Àyùbá kọ wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ohun èlò ń rìn jẹ́jẹ́, àyè sì wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. MMS, tí òun àti Wizkid jọ kọ, ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Orin ìrònú ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó o lè jó o, ṣùgbọ́n ijó tí a ń dijú jó ni.

Àwọn tí ó ń sọ pé orin tí kò bá gbóná kì í ṣe orin Yorùbá, orin ta ni wọ́n gbọ́ dàgbà? Ìjókòó ni Haruna Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ń jókòó kọ àpàlà. Ìlù rẹ̀ kì í sáré. Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ẹni ń ka owó lé oníbàárà lọ́wọ́. Àyìnlá Ọmọwúrà ti Abẹ́òkúta, tí ó kú ní ọdún 1980, iná ni tirẹ̀. Àpàlà kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún Haruna pé kí ó dìde.

Ẹni tí ó bá dúró ní Oníkàn níhìn-ín yóò rí ọ̀nà méjèèjì tí a ń gbà gbọ́ orin. Gbọ̀ngàn MUSON wà níbẹ̀, níbi tí ẹni tí ó bá wúkọ́ ti ń tọrọ àforíjì lójú. Ìrìn díẹ̀ síwájú ni Pápá Tafawa Balewa, pápá eré ẹṣin àtijọ́ níbi tí a ti gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní oṣù Kejìlá, bí wọ́n bá ń ṣeré níbẹ̀, ilẹ̀ a máa mì. Ènìyàn kan náà lè lọ sí ibi méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kò sì ní ya wèrè. Kí ló dé tí a kò fẹ́ kí olórin kan náà lọ sí ibi méjèèjì? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má bínú sí wa, ẹ wà lára àwọn tí ó ba etí wa jẹ́. Níbi ìpolongo ìbò, ẹ kì í fẹ́ kí olórin sọ nǹkan kan. Kí ó sáà máa lu ìlù kí èrò má bàa tú kí olùdíje tó dé.

Àwọn mìíràn ní nítorí ẹ̀bùn Grammy ni ó ṣe tutù. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní ọdún 2024, orin rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Amapiano, tí òun àti Olamide kọ, wọ inú ìdíje náà pẹ̀lú gbogbo gbígbóná rẹ̀. Tyla ọmọ South Africa ni ó gba ẹ̀bùn. Ní ọdún 2025, MMS wọ inú rẹ̀. Tems ni ó gbà á pẹ̀lú Love Me JeJe, orin tí òun náà tutù minimini. Gbígbóná kò fún un, títutù kò fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan wa gan-an nìyí. Ẹni tí ó bá ti kọ́ni rí mọ̀ pé bí gbogbo kíláàsì bá ń kàwé pọ̀ ní ohùn rara, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á sá pamọ́ sínú ariwo. Ọjọ́ tí a bá ní kí ó dá dìde kà á ni àṣírí ń tú. Ìlù ẹ̀rọ àti ègbè ni kíláàsì tí ó ti ń bo Àṣàkẹ́. Ní báyìí ó ti dá dìde. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ hàn síta, a sì fẹ́ kí ó jẹ́ Yorùbá tí ó ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní àwáwí. Àlejò pọ̀ nínú àwo náà: Travis Scott láti Amẹ́ríkà, Stormzy àti Central Cee láti Ìlú Ọba, Ludmilla láti Brazil. A kò kọ àlejò, inú wa sì dùn pé orin òun àti Stormzy, Sùúrù ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àyè tí ìlù fi sílẹ̀ bá jẹ́ àlejò nìkan ni ó ń jókòó sí i, a jẹ́ pé àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ẹjọ́ díẹ̀ rò.

Ọba Sunny Adé ti gba ọ̀nà òkèèrè yìí rí. Ilé iṣẹ́ Island gbé Juju Music rẹ̀ jáde ní ọdún 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984, níbi tí ẹ̀rọ ìlù ti wọlé tí Stevie Wonder sì fun dùùrù ẹnu. Ọjà kò tà bí wọ́n ti rò, ilé iṣẹ́ náà sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Sunny padà sílé, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò dín, àwọn tí ó ń ná owó fún un lójú agbo ṣì ń dúró dè é.

Bí oṣù Kejìlá bá tún dé, tí wọ́n bá pe Àṣàkẹ́ wá sí Pápá Tafawa Balewa, kí àwọn tí ó pè é jẹ́ kí ó pa ẹ̀rọ ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó kọ MMS ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá lè mú un mọ́ra kí ó jáde lọ ra súyà ní ẹnu ọ̀nà. Àwa yóò dúró níbẹ̀.