Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Wa: Àwa Náà Gbọ́dọ̀ Rí I



Ta ni kò mọ bí a ṣe ń dá àjọ ní Ìsarà níbí? Bí alájọ bá gba owó, yóò sàmì sí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ olówó, yóò sì sàmì sí ìwé tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìkówó, a ó fi méjèèjì wé ara wọn. Bí alájọ kan bá ní ìwé ọwọ́ òun nìkan ni kí a gbà gbọ́, ta ni yóò gbé owó lé e lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tí a kò jẹ́ gbà lọ́wọ́ alájọ ni a ń gbà níbi iṣẹ́. Nígbà kan, akọ̀wé ẹnu géètì ni í kọ àkókò tí a dé sílẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, a mọ ẹni tí a ó bá wí. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ìka ni à ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ tí ń sọ ibi tí dírẹ́bà dúró sí fún ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà ní ń ṣírò òfatáìmù, òun náà ní ń yọ owó. Bí owó bá dín, wọn a ní, "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí irú ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀ ní ìlú Òyìnbó. Láti 1999 ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní Horizon, èyí tí iléeṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Horizon a máa fi hàn pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké. Wọ́n ní kí wọ́n san án. Àwọn kan pàdánù ilé wọn, àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sọ fún pé, "Ìwọ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí." Irọ́ ni! Ìgbà tí ènìyàn 555 kó ara wọn jọ, tí Alan Bates ṣíwájú wọn, ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ ní oṣù Kejìlá 2019 pé àṣìṣe wà nínú Horizon fúnra rẹ̀. Ó di 2024 kí òfin tó pa ẹ̀bi wọn rẹ́. Àwọn mìíràn ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò IPPIS ní 2007 láti fi san owó oṣù, kí a lè lé àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ dànù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yunifásítì ké pé ó ń gé owó àwọn, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2020. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba tó gbà láti yọ yunifásítì kúrò nínú rẹ̀.

A kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ta ní fẹ́ padà sí fáìlì tí eku ń jẹ? Ohun mẹ́ta ni kí ẹgbẹ́ bèèrè. Èkíní, kí ètò tuntun tó wọlé, kí a sọ fún ẹgbẹ́ ohun tí yóò máa kọ sílẹ̀ àti ẹni tí yóò máa rí i. Èkejì, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gé owó ẹnikẹ́ni tàbí lé e lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan, láìjẹ́ pé aṣojú ẹgbẹ́ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin ti ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti 2023 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa wa, àti láti ní kí a tún un ṣe. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí a yọ ìdá 8 nínú 100 owó wa, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 tirẹ̀ kún un, kí ó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ó bá ti san owó oṣù. Ǹjẹ́ o ti bèèrè bóyá tìrẹ dé ibẹ̀?

Láti òní lọ, ra ìwé kékeré kan. Kọ àkókò tí o wọlé àti ìgbà tí o jáde. Tọ́jú ìwé owó oṣù rẹ. Bí wọn kò bá bá ara mu, má ṣe dá a sọ. Gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹnì kan tí ń ráhùn, olè ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n di 555, ilé ẹjọ́ gbọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!