Ṣé Gíláàsì Ni À Ń Mu, Àbí Ọtí?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ síbi ìnáwó ní Surulere, ní Yaba àti ní Mushin, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè kan: láti ìgbà wo ni a kò ti lè mu wáìnì mọ́ àfi tí a bá kọ́kọ́ bi í pé irú àjàrà wo ló bí i?

Àṣà tuntun ti dé. Wọ́n ní gíláàsì tí a fi mu Cabernet, a kò gbọdọ̀ fi mu Pinot Noir. Chardonnay náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tọkọtaya tó ń gbé yàrá méjì ni wọ́n ní kó ra oríṣi mẹ́ta, mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ gbà mí o! Ibo ni wọ́n fẹ́ kó o sí?

Ilé iṣẹ́ Riedel ti ilẹ̀ Austria wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní 1973 ni Claus Riedel gbé gíláàsì tó pè ní Sommeliers jáde, wáìnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Àwọn tó ń ta irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣàlàyé pé ẹnu rẹ̀ ló ń da ọtí síbi tó yẹ lórí ahọ́n: iwájú fún adùn, ẹ̀gbẹ́ fún kíkan, ẹ̀yìn fún kíkorò. Irọ́ gbáà! Iṣẹ́ tí Hänig, ará Jámánì, ṣe ní 1901 ni àwọn kan ṣì túmọ̀. Ẹ fi ṣúgà sí ẹ̀yìn ahọ́n yín, kí ẹ wò ó bí kò bá ní dùn.

Mi ò purọ́ mọ́ gíláàsì o. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Tokyo fi kámẹ́rà wo oru ọtí tó ń gòkè. Nínú gíláàsì wáìnì, nígbà tí ọtí náà wà ní 13°C, oru yìí ká ẹnu gíláàsì bí òrùka, àárín rẹ̀ sì fúyẹ́, tí imú fi lè gbọ́ òórùn wáìnì dáadáa. Nínú ife tó ṣe gbọọrọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ẹ ra èyí tó níkùn, tí ẹnu rẹ̀ sún kì. Oríṣi kan ṣoṣo tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, adùn wọn kò sì dọ́gba. Ta ló gbọ́ ọ rí pé igbá ògùrọ̀ yàtọ̀ sí igbá ẹmu? Ohun tí àgbà ń bi ẹlẹ́mu ni: “Ìgbà wo lo dá a? Ṣé o ò bomi là á? Ṣé kì í ṣe sákárínì ló ń dùn yìí?” Láti orí ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń hó. Èyí tó dùn láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti kan. Kò sí igbá tó lè tún un ṣe.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí: ìyàwó ilé tó se oúnjẹ láti àárọ̀ wá ń bẹ àlejò pé gíláàsì òun kò pé. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi bàbá àgbà rẹ́rìn-ín pé kò mọ gíláàsì dì mú. Ṣé ìtìjú la wá ń fi owó rà ni? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ ra oríṣi kan, kó mọ́, kó kárí àlejò. Owó tó kù, ẹ fi ra ọtí gidi. Gíláàsì òfìfo kò pa òùngbẹ ẹnikẹ́ni rí.