Yìnyín Òwú Nínú Ọyẹ́

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń funfun, ìgbà náà gan-an ni a máa ń rí àwọn ènìyàn ní Èkó, ní Ìbàdàn àti nínú ọgbà yunifásítì wa tí wọ́n ń lẹ òwú mọ́ ojú fèrèsé kí ó lè dà bí yìnyín. Wọn a na igi ọ̀rá ró sí igun pálọ̀, wọn a fọ́n nǹkan funfun sí i lórí, wọn a ní àwọn ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì. Mo bi yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa: yìnyín ìlú wo nìyẹn? Ta ni nínú àwọn baba ńlá wa tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò bá ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jà. Ọdún tí ó dé tí ara ilé kò yàtọ̀, bí ẹni pé ọdún náà kò dé ni. Ohun tí mo ń bá jà ni irọ́ tí a ń fi ara ògiri wa pa. Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé ni láti sọ fún ẹni tí ń wọlé pé àkókò báyìí ni a wà, ibi báyìí ni a sì ń gbé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló sì yẹ kí a wò kí a tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn tí a ń fara wé mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ igi a wọ́wé tán, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ nìkan ni yóò tutù yọ̀yọ̀. Òun ni wọ́n gé wọ ilé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá àṣà náà lọ́wọ́ wọn. Ní 1848, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert, ọmọ Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn níbi tí wọ́n ti yí igi náà ká; kò sì pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yá bá ilẹ̀ wọn mu. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ tí kò fúnni lẹ́sẹ̀ tí yóò ṣoni ni kò yẹni.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń wí pé Yorùbá kò ní àṣà kí a máa pa ara ilé dà bí àkókò ti ń yí. Irọ́ gbuu! Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣàìkirè, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ògiri bí ọdún òrìṣà náà bá ń sún mọ́lé. Inú ilẹ̀, ara ewé àti èédú ni wọ́n ti ń rí àwọ̀. Òjò a fọ̀ ọ́, oòrùn a pa á, ọdún mìíràn a dé, wọn a tún un kùn. Nígbà tí àwọn ayàwòrán Ifẹ̀, Moyo Okediji, Bolaji Campbell, Kunle Filani, Tola Wewe àti Tunde Nasiru, dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989, irú ọnà ilé báyìí wà lára ohun tí wọ́n wò kọ́ṣẹ́. Campbell kọ odidi ìwé lórí kíkùn ojúbọ, tí a tẹ̀ jáde ní 2008. Ẹ̀kọ́ náà ti dé inú ìwé. Ara ògiri wa ni kò tíì dé.

Ẹ wo àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, títí di òní, màrìwò ni ilé Candomblé ń ta sí ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé, orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu wọn. Àwa tí ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé wa ni a ń náwó sórí ewé ọ̀rá láti Yiwu ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìlú tí a ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì tí a ń tà káàkiri ayé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan: “Ti Ògún ni màrìwò, onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ta á sí ẹnu ọ̀nà.” Kí wọ́n lọ wo ìtàn ìjọ. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, Tertullian, Kristẹni ọmọ Áfíríkà tí ó gbé ní Carthage, bínú sí àwọn Kristẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ewé àti fìtílà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn pọ̀ ju ti àwọn abọ̀rìṣà lọ. Lónìí, ewé tútù ti di ti Kérésìmesì, kò sì sí ẹni tí ń bi í léèrè òrìṣà tí ó sìn tẹ́lẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ yìí kan náà ni ìjọ ń gbé lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Bí ó bá mọ́ lọ́wọ́ àlùfáà, kí ló sọ ọ́ di èérí lẹ́nu ọ̀nà mi?

Ọ̀ràn àwọn ọjọ́ kéékèèké tún wá burú ju ti Kérésìmesì lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, bàlúùnù pupa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Èkó a gbé elégédé ọ̀rá àti egungun ọ̀rá kọ́ fún ọmọdé. Egungun! Ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó yọjú wo Egúngún, ará ọ̀run tirẹ̀, ni a ń fi egungun òkú àjèjì dá lára yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí a ń gbé. Ní Kérésìmesì tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà, kí a ta àdìrẹ Abẹ́òkúta sára ògiri, kí a gbé igbá fínfín Ọ̀yọ́ sórí tábìlì. Nígbà iṣu tuntun, kí ilé ní ọ̀ṣọ́ tirẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, kí a kun ògiri. Owó bàlúùnù àti ti igi ọ̀rá, ẹ jẹ́ kí a kó o jọ, kí a fi pe àwọn ìyá tí ó mọ iṣẹ́ kíkùn yìí wá láti Ifẹ̀, kí a sanwó fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí wọ́n sì kọ́ wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ tán tí a kò kọ́ ọ, òwú ojú fèrèsé nìkan ni yóò kù wá kù.